Ẹ wo ibi tí okùn DNA dojú kọ kí ẹ tó há orúkọ sórí

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, mo há orúkọ gbogbo ẹ́ńsáìmù tó ń bá DNA ṣe àdàkọ ara rẹ̀ sórí: helicase, primase, DNA polymerase, ligase. Bí ẹ bá jí mi lóru, mo máa kà wọ́n láìṣì í. Ìdánwò dé, wọ́n ní ká ya àwòrán ibi tí DNA ti ń pínyà. Mo fa ilà gbọọrọ méjì, mo ní okùn tuntun nìyẹn. Máàkì 2 péré ni mo gbà nínú 10. Ó dùn mí, torí mo kàwé gan-an.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé nínú okùn méjì tí DNA ní, ibi tí orí ọ̀kan wà ni ìdí èkejì wà. Ìpẹ̀kun kan ń jẹ́ 5′, èkejì ń jẹ́ 3′. DNA polymerase ò sì lè fi nǹkan kún okùn tuntun àfi ní ìpẹ̀kun 3′ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti là sí mi.

Ẹ mú bírò búlúù àti pupa. Ẹ fi búlúù ya okùn àtijọ́ méjèèjì bí oríta, kí ẹ kọ 3′ àti 5′ sí ìpẹ̀kun wọn. Ẹ wá fi pupa ya tuntun, kí orí ọfà máa kọjú sí 3′ tirẹ̀. Ọ̀kan á máa tẹ̀ lé helicase, tó ń ya okùn àtijọ́ méjèèjì sọ́tọ̀, lọ láìdúró. Èkejì á kẹ̀yìn sí oríta! Bí helicase bá ti ṣí díẹ̀ sí i, ó di dandan kí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun nítòsí oríta. Ìdí nìyẹn tó fi ń jáde ní ègé ègé, nǹkan bí lẹ́tà 100 sí 200 nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Orúkọ Reiji àti Tsuneko Okazaki, tọkọtaya ọmọ Japan tó ṣàwárí wọn, ni wọ́n fi ń pe àwọn ègé náà.

Polymerase ò tún lè bẹ̀rẹ̀ láti inú òfo. Primase ló ń kọ́kọ́ fi RNA kékeré (ìbátan DNA) lélẹ̀ fún ègé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yọ RNA kúrò, wọ́n á fi DNA dí àyè rẹ̀, ligase á sì so àwọn ègé pọ̀. Ṣé ẹ rí i? Orúkọ tí mo fi ipá há sórí ti wá ní iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe.

Lẹ́tà okùn kan máa ń so mọ́ ti èkejì, A pẹ̀lú T, G pẹ̀lú C: ẹ ti mọ ìyẹn.

Ẹ tún wo àwòrán yín: búlúù kan, pupa kan, lápá kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Meselson àti Stahl, fi hàn ní 1958 gan-an nìyẹn. Wọ́n tọ́ bakitéríà nínú nitrogen tó wúwo, wọ́n kó o sínú èyí tó fúyẹ́. Lẹ́yìn ìran kan, ìwúwo gbogbo DNA rẹ̀ wà ní agbedeméjì: okùn àtijọ́ kan tó wúwo, tuntun kan tó fúyẹ́.

Lọ́la, ẹ tún un yà láìwo ìwé. 3′ àti 5′ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.