Má Jẹ́ Kí Wọ́n Sọ Ẹ́ Di Akọ̀wé Inú Láàbù

Ọwọ́ ìwé mi dára láti kékeré. Gbogbo tíṣà tó kọ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló máa ń yìn mí fún un, inú ìyá mi a sì máa dùn. Ìyìn yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba físíìsì mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin àbúrò mi obìnrin tẹ́ ẹ wà ní JSS3 àti SS1 báyìí ni mò ń kọ èyí sí, torí ohun tó ṣe mí nígbà yẹn ṣì ń ṣe àwọn ọmọ títí dòní.

Ní 1998, àwa márùn-ún la máa ń wà nídìí tábìlì kan nínú láàbù: ọkùnrin mẹ́rin àti èmi. Ammeter kan, ìyẹn mítà tí a fi ń wọn iná tó ń ṣàn, wáyà díẹ̀, bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, kò sí òmíràn. Kí n tó fa àga mi súnmọ́, àwọn ọmọkùnrin á ti kó gbogbo ẹ̀ sọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn á wá na ìwé sí mi: "Ìwọ tó o lọ́wọ́ ìwé, máa bá wa kọ ọ́." Kò sí ìkà kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n ń pọ́n mi lé ni. Màá jókòó, màá fi rúlà fa ìlà, màá máa retí kí wọ́n pe nọ́ńbà. "Pọ́íǹtì fọ́ọ̀." Màá kọ ọ́. "Pọ́íǹtì síìsì." Màá kọ ọ́. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Ìwé tèmi ni tíṣà máa ń gbé sókè kí gbogbo kíláàsì wò ó.

Nígbà tí WAEC dé, wọ́n fún kálukú ní tábìlì tirẹ̀. Mo mọ àwòrán circuit, ọ̀nà tí iná ń gbà yíká, tí wọ́n ní ká so, mo lè yà á nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò tíì so wáyà mọ́ ammeter rí láyé mi. Ibi tó yẹ kí wáyà dúdú wà ni mo so pupa mọ́. Bí mo ṣe tẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ mítà náà fò sẹ́yìn, ó kọjá òdo, ó lọ gbá ẹ̀gbẹ́ inú gíláàsì rẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Mo rò pé mo ti ba nǹkan oníǹkan jẹ́. Òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n ò sì lè bi ẹnikẹ́ni. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó yé mi pé kí n kàn gbé wáyà méjèèjì dípò ara wọn ni.

Mo yege, àmọ́ físíìsì mi ò dára tó ti àwọn mẹ́rin tí mo ń bá kọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún méjì nínú wọn. Ọwọ́ wọn ti kọ́ ohun tí ọwọ́ mi ò kọ́.

Ọdún tí mo fi jókòó sílé de JAMB ni ọwọ́ tèmi náà tó wọ ilé ìwé. Ìyá mi ní ẹ̀rọ ìlọpákí lẹ́yìnkùlé, ẹ́ńjìnnì Lister àtijọ́ kan ló ń gbé e yí. Bàbá tó máa ń bá a tún un ṣe ti ń dàgbà, ojú rẹ̀ kì í ríran dáadáa tí ọjọ́ bá ti rọ̀, ló bá ní kí n máa wá bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú. Láti ìdí tọ́ọ̀ṣì la ti dé ìdí sípánà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, dísù tán lẹ́nu iṣẹ́. A bu òmíràn sí i, ẹ́ńjìnnì kọ̀, kò dáhùn. Bàbá na sípánà sí mi, ó ní, "Tú nọ́ọ̀tì yẹn." Mo wo ojú ìyá mi. Ìyá mi ní, "Ṣé èmi ni Bàbá ń bá wí ni?" Mo tú u díẹ̀, mo ń fi ọwọ́ kejì pọ́ǹpù. Ìfófòó ń hó jáde lẹ́nu páìpù. Afẹ́fẹ́ tó ti wọ ọ̀nà dísù ni. Mo ń pọ́ǹpù lọ títí dísù fi ń ṣàn jáde láìsí ìfófòó kankan, mo wá dì í padà. Bàbá fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà, ó gbà. Dísù wà lára aṣọ mi, ó wà nínú irun mi, n ò sì lè sọ̀rọ̀ fún ayọ̀ títí a fi jẹun alẹ́.

Ibẹ̀ náà ni kẹ́mísìrì ti yé mi. Ìwé mẹ́fà ni ìyá mi kà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé pákí tí a lọ gbọ́dọ̀ jókòó nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí a tó yan án. Gbogbo ayé ló mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ́ kíkan. Ọjọ́ tó fi jókòó yẹn ló ń kan án. Mo wá kà á nínú ìwé pé pákí tútù ní májèlé kan nínú, cyanide, tó máa ń tú jáde nígbà tí a bá lọ ọ́, tí omi tí a fún kúrò àti iná tí a fi yan án sì ń kó lọ. Mo sọ fún ìyá mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn ni ìyá tèmi ṣe máa ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí omi pákí." Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní sáyẹ́ǹsì kì í ṣe nǹkan obìnrin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wọ̀ mí létí.

Mo lọ sí pólì, mo gba ND, mo ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́, fún ọdún kan, mo padà lọ gba HND nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná. Àǹtí mi kan ní Ṣàgámù ló dúró tì mí. Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ ló lọ, ilé ìwé tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956. Níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ló ń di ọkọ́ mú, nítorí náà kò yé e rárá pé ẹnì kan lè sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ kan ò yẹ ọmọbìnrin òun.

Iṣẹ́ sólà àti inverter ni mò ń ṣe báyìí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tó ń ta ẹja yìnyín lọ́jà Òkè-Ajé pè mí. Bátìrì kan ṣoṣo ni wọ́n ti tà fún un, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í mọ́ bá iná lára fìrísà rẹ̀, ẹja sì ń bà jẹ́. Mo jókòó tì í, a jọ ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn páálí. Fìrísà náà ń jẹ 250 wáàtì, ṣùgbọ́n ó ń tan ara rẹ̀, ó ń pa ara rẹ̀, nítorí náà ká pe gbogbo òru wákàtí 12 ní wákàtí 6 tó fi ń ṣiṣẹ́ gan-an. 250 lọ́nà 6 jẹ́ 1,500 wáàtì-wákàtí, ìyẹn iná tó máa jẹ lóru kan. Iná tó wà nínú bátìrì 12 fólítì, 220Ah (Ah ni wọ́n fi ń sọ bí bátìrì ṣe tóbi tó), jẹ́ 12 lọ́nà 220, ìyẹn 2,640 wáàtì-wákàtí. Bátìrì olómi kò sì yẹ kéèyàn lò ó kọjá ìlàjì tí a bá fẹ́ kó pẹ́. Ìlàjì rẹ̀ jẹ́ 1,320. Kò tó. Méjì ló nílò. Kò sí ibì kankan nínú ìṣirò yẹn tó ju ti JSS2 lọ, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ pé, "Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ nìyẹn."

Lọ́jọ́ tí a lọ ṣe iṣẹ́ náà, mo mú ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi dání. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Bàbá kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì wò wá, ó yíjú sí ọmọ náà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹnjiníà." Èmi ló wá ní kí n wá jókòó. Ó dùn mí, n ò ní parọ́. Irú rẹ̀ á ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì. Mo kí Bàbá dáadáa, mo kúnlẹ̀ tì bátìrì, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí a tó ṣe tán, ọ̀dọ̀ mi ló ti gbé ìbéèrè rẹ̀ wá nípa inverter ilé tirẹ̀.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin nídìí tábìlì, ẹ máa yí iṣẹ́ náà ká: ẹni tó kọ lónìí, kó so wáyà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí ọwọ́ tó bá ti di nǹkan mú kì í fẹ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá yin ọwọ́ ìwé ẹ, dúpẹ́, kó o sì na ọwọ́ gba wáyà. Nílé, wá bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, gílóòbù kékeré àti rédíò tó ti kú. Tú u, wò ó, tò ó padà. Iná ilé ni kó o má fọwọ́ kàn o, ìyẹn ń pani. Iná bátìrì tọ́ọ̀ṣì kò lágbára tó láti gbé ẹ.

Má sì jẹ́ kí ìṣirò já mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹnjiníà, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì ni yóò fi jókòó JAMB. Ẹni tó bá wọ kíláàsì àáàtì ní SS1 torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ ti pa ilẹ̀kùn yẹn dé kó tó mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ò jìnnà sí wa: yunifásítì wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982, pólì wà ní Sáápàdé nínú Rẹ́mọ. Iṣẹ́ náà wà nítòsí. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó wà ní Ṣàgámù nítorí òkúta ẹfun abẹ́ ilẹ̀ wa kò lè ṣe é láìsí onímọ̀ ẹ̀rọ.

Tí ẹnì kan bá ní obìnrin kò ṣe é rí, fi ọdún dá a lóhùn. Grace Alele-Williams gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Chicago ní 1963, ó sì di gíwá Yunifásítì Benin ní 1985, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà. Adéníkẹ̀ẹ́ Ọ̀ṣọ́fisan gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀ ní 1989, ó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹnjiníà, APWEN, ti wà láti 1983. Ọdún tí wọ́n bí mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ mo dàgbà láìmọ̀ pé wọ́n wà.

Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín. Tí àwọn tó ń tún fáànù ṣe bá wọlé, ẹ má pe ọmọkùnrin nìkan wá wò ó. Tí ọmọbìnrin bá ní ìdánwò, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fọ abọ́ lọ́jọ́ náà, kò ní kú. Ìyá mi ò mọ físíìsì, gbogbo ohun tó ṣe fún mi ò ju pé kò gba sípánà lọ́wọ́ mi.

Ní sáà tó kọjá, wọ́n pè mí sí ilé ìwé kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo kó bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wáyà, iná LED wẹ́wẹ́ àti mítà mi dání. Mo pín wọn sí tábìlì tábìlì. Nídìí tábìlì kan, ọmọkùnrin mẹ́ta ti bo nǹkan náà mọ́lẹ̀, ọmọbìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú bíró àti ìwé. Ọkàn mi fò sókè. Mo gba bíró lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún ọmọkùnrin tó sún mọ́ ọn, mo gbé wáyà lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ó so ó, kò tàn. Ọmọkùnrin kan na ọwọ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Jẹ́ kó wò ó." Ọmọbìnrin náà gbé LED súnmọ́ ojú. Ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Ó yí i padà, ó tàn.

Kò rẹ́rìn-ín, kò pariwo. Mítà ló ń wò. "Mà, èló ni wọ́n ń ta eléyìí?" Mo sọ iye tí mo rà á fún un. Ó gba bíró rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.