Àgbá orí òkè ti Íńdíà, ìwọ̀n 1:35: ibi tí iṣẹ́ dé

Àwòṣe kékeré la ń ṣe, ìlọ́po 35 ni àgbá gidi fi tóbi jù ú lọ. Ọ̀pá àgbá ti parí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ti yà, ọ̀dà àkọ́kùn ti gbẹ. Ó ku táyà àti ilẹ̀ tí yóò dúró lé.

3.7-inch mountain howitzer ni, àgbá kúkúrú tí Vickers ṣe, tó dé ojú ogun lọ́dún 1917. Ihò ẹnu rẹ̀ jẹ́ 94 mm, ọta rẹ̀ wúwo tó kílò 9, odidi rẹ̀ sì tó kílò 730. Tí wọ́n bá tú u palẹ̀, ìbaaka mẹ́jọ ló ń rù ú. Òun la mú nítorí pé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn sójà Íńdíà dì mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1857, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ rí àgbá lọ́wọ́ ọmọ Íńdíà mọ́. Wọ́n tú ẹgbẹ́ ayìnbọn àgbá wọn ká, ó ṣẹ́ku díẹ̀, pàápàá àwọn tó ń gun òkè. Ọdún 1935 ni wọ́n tó dá ẹgbẹ́ àgbá pápá àkọ́kọ́ ti ọmọ Íńdíà sílẹ̀ ní Bangalore. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn wọn ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ìbaaka ni kó tọ̀.

Ọ̀pá rẹ̀ gùn tó 1.19 m, ìyẹn 34 mm ní ìwọ̀n tiwa. Idẹ tó nípọn 5 mm la fi fáìlì rẹ́ dé ibi tó yẹ. Ihò ẹnu jẹ́ 2.7 mm, ṣùgbọ́n ẹ má fi bíìtì (irin tí a fi ń lu ihò) 2.7 bẹ̀rẹ̀, yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu àgbá á sì wọ́. Ẹ fi 1 mm lu ú wọlé tó 6 mm, lẹ́yìn náà 2 mm, kó tó kan 2.7. Àbọ̀ méjì ni ọ̀pá náà gan-an, nọ́ọ̀tì ńlá kan ló so wọ́n pọ̀, kí ẹrù lè ṣe é pín fún ìbaaka. Ike pẹlẹbẹ 0.5 mm la wé yíká láti fi ṣe nọ́ọ̀tì yìí. Súpà gúlùú kọ́kọ́ já, torí òróró ọwọ́ wà lára idẹ. A fi sáǹpépà 400 ha á, a fi spirit nù ún, ó wá mú.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ìyà jẹ ni. Orí pákó tó ti tẹ̀ la ti lẹ̀ ẹ́, táyà òsì kò kanlẹ̀. A já a, a tún un lẹ̀ lórí gíláàsì. Ọ̀dà náà, ìlàjì rẹ̀ ni tínà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí àwọn ríbẹ́ẹ̀tì á dí. Ẹ má kùn ún lọ́jọ́ òjò: ọ̀rinrin á há sínú ọ̀dà, á hó funfun.

Ilẹ̀ tó máa dúró lé ni àfonífojì Kaladan ní Bọ́má, òru 15 mọ́jú 16 oṣù Kejìlá, 1944. Níbẹ̀ ni Havildar (sájẹ́ńtì) Umrao Singh ti 33 Mountain Battery, ẹgbẹ́ àgbá orí òkè ti Íńdíà, wà, tí wọ́n ń fi àgbá ran àwọn sójà Gold Coast lọ́wọ́ nínú dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀. Àwọn Jàpáànù rọ̀jò ọta lé wọn lórí fún ìṣẹ́jú 90 kí wọ́n tó ya wọlé. Nígbà tí ọta ìbọn tán, irin tí wọ́n fi ń gbé àgbá ló fi ń lù wọ́n. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà ni wọ́n bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá rẹ̀, ó ṣì ń mí, òkú ọ̀tá mẹ́wàá yí i ká. Wọ́n fún un ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ láàárín àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì.

Wáyà 0.8 mm la fi ṣe irin yẹn nínú àwòṣe wa. Ilẹ̀ ni yóò wà, kò ní lẹ̀ mọ́ ara àgbá. Ẹ má sì fọ́ àgbá náà láti fi ogun hàn, torí wọ́n tún fi yìnbọn lọ́jọ́ náà gan-an.