Igi ńlá ni mò ń kà, mi ò wo ọmọ wọn

Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí mo ti ń sin ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù díẹ̀ lórí ilẹ̀ kan tí igi apá ṣì kù sí. Nígbà náà, bí ẹ bá sọ fún mi pé ẹran ọ̀sìn ń run igi, ẹ̀rín ni mo máa fi yín rín. Ṣebí àwọn igi náà ló dúró gbagidi yẹn? Ọdọọdún ni mò ń kà wọ́n: 41, iye wọn kì í yẹ̀. Mo tiẹ̀ máa ń fi yangàn.

Àgbàlagbà kan tó mọ̀ nípa igi wá wo ilẹ̀ náà lọ́jọ́ kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Àwọn ọmọ wọn dà?"

Mo ní wọ́n wà nínú koríko, ẹ jẹ́ ká wá wọn. A wá wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Mẹ́fà péré la rí, èyí tó ga jù nínú wọn ò kọjá orúnkún mi. Mo ní ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Bàbá ní kí n gbẹ́ ọ̀kan wò. Gbòǹgbò tí mo bá nísàlẹ̀ nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi! Igi tí mo pè ní ọmọ tuntun ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Bó bá ti yọrí ni ewúrẹ́ ń já a, á tún rú, wọ́n á tún já a. Ojú tì mí. (Gbígbẹ́ tí mo gbẹ́ ẹ sì pa á, ló bá ku márùn-ún.)

Wọ́n ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni í rọ́pò rẹ̀. Ẹran tó ń jẹ̀ kì í sábà pa àgbà igi. Arọ́pò ni kì í jẹ́ kó ní. Igi tó ń pẹ́ láyé ló sì ń tan èèyàn jù, torí ìyá á ṣì máa rú ewé nígbà tí ọmọ ti tán.

Ẹ wo erékùṣù Saint Helena láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500 ni àwọn Potogí kó ewúrẹ́ débẹ̀. Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1836, kọ ọ́ sílẹ̀ pé igi ṣì pọ̀ níbẹ̀ ní 1716, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1724, púpọ̀ nínú àwọn àgbà igi ti wó, ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ sì ti pa àwọn ọmọ wọn tán. Ní 1731 ni àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n pa àwọn ẹran tó ń rìn káàkiri. Lóòótọ́, àwọn èèyàn náà gé igi níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní ọdún mẹ́jọ ni igbó náà fi parẹ́, bẹ́ẹ̀ igba ọdún ló ti ń kú lọ. Ní Socotra náà, erékùṣù ilẹ̀ Yemen, igi kan wà tó dà bí agboòrùn, tí oje rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta, tí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ò dé, lẹ ti máa rí ọmọ rẹ̀ jù.

Ewúrẹ́ nìkan kọ́ o. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró kó lè já ewé òkè lóòótọ́, àmọ́ màlúù tó ń sinmi lábẹ́ igi lọ́sàn-án ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi le bíi símẹ́ńtì. Hóró apá dúdú tó dé fìlà aláwọ̀ ọsàn yẹn á kàn wà lórí ilẹ̀ lásán. Èmi fúnra mi ńkọ́? Ní ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń gun igi lọ gé ẹ̀ka fún wọn. Àwọn tí mo ń gé lọ́dọọdún ò so mọ́. Ó pẹ́ kí n tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi wáyà ṣọgbà fún àwọn ọmọ igi, ẹ má ṣe é sábẹ́ ìyá igi bí mo ti ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Òjìji ibẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n hù, wọ́n kàn rù hangogo ni. Mo sún wáyà jáde síbi tí oòrùn ń dé, wọ́n gbéra. Ni ìṣòro mìíràn bá dé: ẹran ò wọlé mọ́, koríko ga dé àyà, iná ẹ̀ẹ̀rùn wọ ibẹ̀, ó jó méjì. Láti ìgbà náà, mo máa ń ro ẹ̀gbẹ́ ọgbà yí ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Mo sì máa ń jẹ́ kí màlúù wọlé fún ọjọ́ díẹ̀ nígbà òjò, bí koríko bá ṣì tutù tí wọn ò ya sídìí igi, àmọ́ mo máa ń dúró tì wọ́n. Ewúrẹ́ ò gbọ́dọ̀ wọlé rárá. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọmọ igi nìkan ló kù ní tútù, kò sí ẹran kankan tó gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Tí wáyà ò bá sí, ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún tí ẹ kó yí ọmọ igi ká á ṣe é, àmọ́ ẹ ó máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kẹ́ ẹ lè kà wọ́n lọ́dọọdún.

Mẹ́rin ti wó nínú àwọn 41 yẹn. Mọ́kàndínlógún ni ọmọ tí mo ń kà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí ọ̀kan nínú wọn kọjá ibi tí òbúkọ mi tó ga jù lè na ẹnu dé. Mo tú wáyà ìdí rẹ̀, mo gbé e lọ yí òmíràn ká.