Kí Lẹ Mú Bọ̀?

Ní oṣù kẹwàá èṣí, ọjọ́ Ajé kan, la dé láti inú igbó Algonquin, igbó ìjọba kan ní Kánádà. Ilẹ̀ ti ṣú, apá sì ń ro mí bí ẹni tó gúnyán fún ìnáwó ìgbéyàwó. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe Màámi ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, mo ròyìn fún wọn: ọjọ́ mẹ́ta gbáko nínú igbó, a wa ọkọ̀ lójú omi, a gun kẹ̀kẹ́, a gun òkè. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Wọ́n ní, "Kí lẹ mú bọ̀?"

Mo ní a ò mú nǹkan kan bọ̀.

"Ẹ ò ṣẹ́gi? Ẹ ò já ewé? Ìgbín ńkọ́?"

Mo ní òfin ò gbà ká mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

"Ẹ sì sanwó kí ẹ tó wọlé?"

Mo ní a sanwó. Màámi rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n gbé fóònù fún àwọn ọmọ.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé Brampton, lẹ́bàá Toronto, ní Kánádà, mo sì ti fi oríṣiríṣi nǹkan wé ti ilé: iná, ọ̀nà, ilé ìwòsàn, owó ilé. Ìyẹn ò le, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Ohun tí mi ò rí fi wéra títí Màámi fi bi mí ní ìbéèrè yẹn ni bó ṣe ń rẹ ènìyàn. Níbí ó ń rẹ ènìyàn, lọ́hùn-ún ó ń rẹ ènìyàn, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pè é yàtọ̀.

Ẹni tó bá mọ Ẹ̀fọ̀n mọ̀ pé àárín òkè la kọ́lé sí. O ń lọ sọ́jà, o ń gun òkè. O ń ti ọjà bọ̀, o tún ń gun òkè. Bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ ò tíì yé mi dòní. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, omi la kọ́kọ́ ń pọn kí a tó lọ síléèwé. Òṣùká lórí, garawa lórí òṣùká, ọwọ́ kan di garawa mú, ìkejì ń wá ibi tí yóò dì mú bí ilẹ̀ bá yọ̀. Tí omi bá dà nù, o ti mọ̀ pé o máa padà. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní eré ìdárayá.

Ní Brampton, ilẹ̀ tẹ́ bí ojú àwo. Mo jókòó nínú mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, mo jókòó níbi iṣẹ́, mo jókòó bọ̀ wálé. Fóònù mi a máa ka ìṣísẹ̀ mi, tó bá di alẹ́ a máa bá mi wí pé mi ò rìn tó. Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún, fóònù tó máa bá wọn wí lórí ìrìn ò tíì dé Ẹ̀fọ̀n.

Nítorí náà, ara tí a ti fi ìjókòó gan pa látọjọ́ Ajé, a ó wá ibi tí a ó ti lò ó. Ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí igbó níbí, ẹ ní láti gbàyè sílẹ̀. Oṣù márùn-ún ṣáájú ni wọ́n ń ṣí ìwé fún ẹni tó bá fẹ́ sùn nínú Algonquin. Ọkọ mi jí ní kùtùkùtù ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń retí èsì JAMB, ká lè rí àyè fún oṣù kẹwàá. Gbogbo ayé ló ń du ọ̀sẹ̀ kan náà. Ìgbà ìwọ́wé ni: ojúmọ́ ti ń kúrú, òtútù ti ń yọ́ wọlé, àwọ̀ tútù tó wà lára ewé á ṣá, àwọ̀ yẹ́lò tó ti fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀ á wá yọjú. Igi méépù ní tirẹ̀ á tún ṣe àwọ̀ pupa tuntun kún un kí ewé tó já. Tí oòrùn bá ràn án, àfi bí ẹni pé wọ́n sá àlàárì sórí òkè, wọ́n sá sányán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ó ti tán. Nílé, ọyẹ́ ló máa ń já ewé tíìkì lulẹ̀, ìgbálẹ̀ sì nìkan ló ń mú wá sí wa lọ́kàn. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ torí kó lè lọ wò ó.

Ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kẹwàá sì ni ọjọ́ Ìdúpẹ́ wọn, wọ́n ń gba ọlidé. Èmi a máa rántí Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ tó ń ké níwájú pẹpẹ. Wọn kì í fọwọ́ òfo lọ Ìkórè.

Igbó náà tóbi. Ó lé ní 7,600 kìlómítà onígun mẹ́rin. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Òmùò, kò tó 6,500. Ọdún 1893 ni ìjọba Ontario, ìpínlẹ̀ tí à ń gbé níbí, pààlà sí i, kí àwọn tó ń wá ilẹ̀ oko má bàa ba orísun odò jẹ́. Nígbà tí mo ka ọdún yẹn, mo dúró. Ọdún 1893 náà ni wọ́n tú ibùdó ogun Kírìjì ká, tí àwọn Èkìtìparapọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún, tí kálukú ń wá ọ̀nà oko rẹ̀ lọ. Àwọn baba wa ń wá bí wọ́n ṣe máa róko dá, àwọn kan níbí ń lé oko kúrò nínú igbó. Kì í ṣe pé mo ń bu ẹnu àtẹ́ lu ẹnikẹ́ni o. Orúkọ àwọn Algonquin tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé ni igbó náà sì ń jẹ́. Àwọn àti àwọn aládùúgbò wọn ló ń fi èèpo igi ṣe irú ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ tí àwa ń fi ṣeré lónìí. Ní tiwọn, ọ̀nà ọdẹ ni wọ́n ń fi tọ̀.

Ká sọ òótọ́, omi ò bá ọmọ Èkìtì tan. Odò Ọ̀ṣun ń ṣẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì, ìyẹn dájú, ṣùgbọ́n kí ó tó di odò tó gba ọkọ̀, ó ti di ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n wọ ọkọ̀, Sáàmù ni mo kọ́kọ́ kà. Òfin wọn ní kálukú gbọ́dọ̀ ní ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, fèrè gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀, okùn tó lè léfòó tó sì gùn tó mítà 15 náà gbọ́dọ̀ wà. Mo ní kí wọ́n gbé fèrè fún mi. Wọ́n kọ́ mi pé kí n má dìde dúró, kí n di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, kí n tẹ àárín rẹ̀ gan-an, kí n sì kúnlẹ̀ tí ẹ̀rù bá ń bà mí. Mo kúnlẹ̀. Ọkọ mi wà lẹ́yìn, òun ló ń tọ́ ọkọ̀. Èmi wà níwájú, mò ń fi àjẹ̀ wa omi. Bí ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn ò bá gbọ́ ara wọn yé, ojú kan náà ni ẹ ó ti máa yí po. A yí po dáadáa. Àwọn ọmọ tó wà láàárín fi wá ṣẹ̀sín títí a fi dé òdìkejì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ọkọ̀ náà yóò gùn wá padà. Tí adágún kan bá tán, ẹ ó fa ọkọ̀ jáde, ẹ ó sì rù ú gba inú igbó dé adágún tó kàn. Igi kan wà lágbede méjì ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ kí ó lè jókòó léjìká. Ọkọ mi kó sábẹ́ ọkọ̀ bí ìjàpá, ó ku ẹsẹ̀ méjì tó ń rìn lọ. Báàgì oúnjẹ di tèmi. Wọ́n ní kí n gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Mo gbìyànjú, okùn ń jẹ mí léjìká, ìbàdí ń ro mí. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo tú síkáàfù ọrùn mi, mo ká a róbótó, mo ki ìdí rẹ̀ bọ inú ara rẹ̀. Òṣùká dé. Ó tó ogún ọdún tí mo ti ká òṣùká gbẹ̀yìn, ọwọ́ ò gbàgbé. Mo gbé báàgì karí, ọrùn mi nà, mò ń lọ, ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo.

Òyìnbó tọkọtaya kan tó ń bọ̀ yà fún mi lọ́nà. Obìnrin náà gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní ṣé òun lè ya fọ́tò, ó ní níbo ni mo ti kọ́ ọ. Kí ni kí n sọ? Pé ẹgba ló kọ́ mi? Mo ní, nílé. Ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, bá ní kí n ká òṣùká fún òun náà. Mo ká a. Ó gbé ìkòkò òfìfo lérí, ó ṣísẹ̀ mẹ́ta, ó jábọ́. Ó tún gbé e. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun gbé e dé òpin ọ̀nà. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tí èmi ń bẹ̀ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀ ọ́.

Agolo àti ìgò ò gbọ́dọ̀ wọ apá igbó yẹn, bẹ́ẹ̀ sàdíìnì mẹ́fà ni mo dì. Gbogbo rẹ̀ la fi sílẹ̀ nínú bútù mọ́tò. Lálẹ́, nítorí béárì, a so báàgì oúnjẹ kọ́ orí igi, jìnnà sí àgọ́. Ohun tó kù fún wa láti jẹ ni iyán inú páálí. Èmi ọmọ Èkìtì, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá adágún nínú òtútù, mò ń fi ṣíbí ro iyán lórí sítóòfù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Kẹ̀kẹ́ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. A yá a lọ́wọ́ àwọn kan, a gun un lójú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n ti hú irin rẹ̀ kúrò. Ó tẹ́jú, ó dára. Ṣéènì tèmi já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ní kò sóhun tó ṣe é. Bàbá mi ní Raleigh kan nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà, Sátidé Sátidé ni wọ́n ń nù ún, àwa ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa tì í. Ọjọ́ tí wọ́n ra mọ́tò ni wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà fún adẹ́mu kan. Lónìí, bí àgbàlagbà bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá ládùúgbò wa, wọ́n á ní nǹkan ti dojú rú fún un. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní mọ́tò méjì, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn wá, kẹ̀kẹ́ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n tó mọ́tò mi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé la gun òkè tí wọ́n ń pè ní Lookout. Kò tó kìlómítà mẹ́ta lálọ lábọ̀, ṣùgbọ́n ó dagun. Orí àpáta ló parí sí, igbó sì tẹ́ lọ súà nísàlẹ̀, pupa, yẹ́lò, igi páìnì tútù láàárín wọn. Èèyàn tó tó ọgbọ̀n jókòó lórí àpáta yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò sì gbàdúrà. Èyí tó rú mi lójú nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó gun òkè tí kò ní oko níbẹ̀, àdúrà ló lọ gbà. Ẹ̀fọ̀n ni ibojì Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà, orí òkè ò ṣàjèjì sí wa: wọ́n á gbààwẹ̀, wọ́n á gùn ún, wọ́n á kígbe mọ́jú, wọ́n á bá ìdáhùn sọ̀ kalẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn tó ń ṣọdún Olósùnta, àpáta ńlá ìlú náà, mọ ẹni tí wọ́n ń bọ lára àpáta yẹn. Òkè tiwa ní ẹni tí à ń lọ bá níbẹ̀. Tiwọn, ìsàlẹ̀ la gùn ún lọ wò. Mo jókòó ti àwọn tó dákẹ́ náà ṣáá, mi ò sì ní purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Oṣù kẹjọ ọdún yìí, a lọ sílé. Mo mú àwọn ọmọ lọ sí Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ọmọbìnrin mi ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí, ó ki ìkejì bọ tọ̀hún. A yà wo omi Àrìnta tó ń já láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò. A ò gbàyè sílẹ̀ ní oṣù márùn-ún, a kàn lọ ni. Ṣùgbọ́n òkè ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni mo fẹ́ gùn. Mo wọ bàtà ìgunkè olówó gọbọi tí mo rà ní Brampton, mo pe àbúrò mi ọkùnrin.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ fẹ́ lọ rí níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀kadà."

Mo ní ká kàn gùn ún ni. Ó wo bàtà mi, ó wo ojú mi, ó ní òun ń retí ẹnì kan. Èmi nìkan mú ọ̀nà pọ̀n. Ìyá kan tó ń sá ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rí mi, ó káwọ́ sókè, ó ní, "Ọlọ́run á dáhùn o!" Kí ni mo fẹ́ ṣàlàyé? Mo ní, "Àmín, Màámi."

Mi ò tíì rìn jìnnà tí Màámi tèmi fi pè mí padà. Àdá àti okùn ló wà lọ́wọ́ wọn. "Bó o bá ti ń lọ bẹ́ẹ̀, ya igi díẹ̀ bọ̀."

Mo gun òkè. Mo jókòó díẹ̀ lókè, mo wo páànù ilé Ẹ̀fọ̀n tó pupa dé ìsàlẹ̀, mo dákẹ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà mo ya igi, mo dì í, mo ká òṣùká, mo sọ̀ kalẹ̀. Bàtà olówó iyebíye yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ wo ìdì igi orí mi, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o," ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Màámi bá mi sọ̀ ọ́. Wọ́n fa ọ̀kan yọ, wọ́n ṣẹ́ ẹ, kò dún.

"Tútù ni," wọ́n ní. "Kò lè jó."

Wọ́n kó o ti ògiri níbi tí oòrùn ọ̀sán máa ń dé.