Àdírẹ́sì IP púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà firewall ilé

Bó bá jẹ́ /29 (ìdì àdírẹ́sì IP kékeré kan) lẹ rà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín, àdírẹ́sì 8 ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ 5 lẹ máa rí lò. Ká fi 203.0.113.0/29 ṣe àpẹẹrẹ: .0 jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, .7 jẹ́ ti broadcast (ìránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà), router tiwọn sì sábà máa ń jókòó sórí .1. Ó ku .2 sí .6.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lára káàdì ìta. Bó bá bọ́ sáàárín 100.64.0.0 sí 100.127.255.255, ẹ̀yin àtàwọn oníbàárà mìíràn lẹ jọ ń lo àdírẹ́sì kan náà, firewall ilé (kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì yín) kò sì lè tún ìyẹn ṣe.

Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ti tó: ọ̀kan síta (enp1s0), ọ̀kan sínú ilé. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra káàdì fún àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan fẹ́ fi owó yín ṣòfò ni. Lórí Debian, ẹ kọ 203.0.113.2/29 àti gateway (router iléeṣẹ́, .1) sínú /etc/network/interfaces, kẹ́ ẹ wá fi irú ìlà yìí kún un fún àwọn yòókù:

up ip addr add 203.0.113.4/32 dev enp1s0

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ /32 (àdírẹ́sì kan ṣoṣo) ni. Tó bá jẹ́ /29 ni gbogbo wọn, Linux á ka .2 sí ẹ̀gbọ́n, á ka àwọn tó kù sí àbúrò. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yọ ẹ̀gbọ́n kúrò, gbogbo wọn á bá a lọ, àyàfi tí ètò Linux tó ń jẹ́ promote_secondaries bá wà ní 1. Ẹ má fi ifconfig yẹ̀ ẹ́ wò o, kì í fi àwọn àfikún yìí hàn. "ip addr" ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ fi net.ipv4.ip_forward sí 1, kí Linux lè máa gbé ìsọfúnni láti káàdì kan sí èkejì. Ó wá ku nftables (irinṣẹ́ tí Linux fi ń ṣètò òfin firewall). Ká ní server ímeèlì wà ní 192.168.1.20, nínú prerouting (òfin tó ń ṣiṣẹ́ kí Linux tó pinnu ibi tí ìsọfúnni ń lọ):

iifname "enp1s0" ip daddr 203.0.113.4 tcp dport 25 dnat to 192.168.1.20

Nínú postrouting (òfin tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá fẹ́ jáde):

oifname "enp1s0" ip saddr 192.168.1.20 snat to 203.0.113.4
oifname "enp1s0" masquerade

dnat ń yí àdírẹ́sì ibi tí ìsọfúnni ń lọ padà; snat àti masquerade ń yí ti ibi tó ti wá, masquerade sì ń fi àdírẹ́sì káàdì ìta sí i. Ìlà snat gbọ́dọ̀ ṣáájú masquerade. Èsì fún ẹni tó kàn sí .4 kò níṣòro, conntrack (àkọsílẹ̀ tí Linux ń ṣe nípa ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan) á dá a padà bó ṣe yẹ. Ohun tí server bá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló ń dojú rú: bí masquerade bá ṣáájú, á gbé .2 wọ̀ ọ́, PTR (àkọsílẹ̀ DNS tó ń sọ orúkọ tó wà nídìí àdírẹ́sì IP) tẹ́ ẹ ṣe fún .4 kò ní bá a mu, àwọn server ìta á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ímeèlì yín padà. Ẹ rántí pé nígbà tí ìsọfúnni bá fi máa dé chain forward (òfin tó ń yẹ ohun tó ń gba inú firewall kọjá wò), dnat ti yí i padà, 192.168.1.20 lẹ máa gbà láàyè níbẹ̀, kì í ṣe .4. Bẹ́ ẹ bá sì yí òfin NAT (àwọn ìlà dnat àti snat yẹn) padà tí kò hàn, ìsopọ̀ àtijọ́ ló ṣì wà nílẹ̀: conntrack -F á gbá a kúrò.

Fóònù tó wà lórí dátà ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, torí láti inú ilé òfin iifname yẹn (tó ń wo káàdì ìta nìkan) kò ní mú un. Bí .2 bá ń ṣiṣẹ́ tí .4 dákẹ́, ẹ ṣí tcpdump (tó ń fi ìsọfúnni tó ń kọjá hàn):

tcpdump -ni enp1s0 host 203.0.113.4

Bí kò bá sí nǹkan kan tó ń wọlé rárá, ó ṣeé ṣe kí router iléeṣẹ́ ṣì rántí MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ẹ̀rọ tó lo .4 tẹ́lẹ̀. Ẹ pariwo MAC tuntun fún un:

arping -U -c 3 -I enp1s0 203.0.113.4