Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ńkọ́?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ scout, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà mí láti máa wo àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, kí n sì sọ èyí tó lè fi jẹun lára wọn, mo fún ọmọkùnrin kan ní máàkì tó ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Orúkọ Yorùbá gbọọrọ ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ nínú fíìmù, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá, síbẹ̀ mo pariwo pé, "Ọmọ wa!" Ẹgbẹ́ tó gbà á kò lò ó tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Ọ̀gá mi tẹ́ ìròyìn tí mo kọ síwájú mi, ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?" Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, àwọn ọmọ wa ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Nínú Draft, ìyẹn ọjà ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbowó ti ń yan àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, New York Jets mú Olumuyiwa Fashanu láti Penn State ní ipò 11 lọ́dún 2024. Olusegun Oluwatimi gba Outland àti Rimington, àmì ẹ̀yẹ àwọn tó ń gbá láàárín ìlà iwájú, ní Michigan lọ́dún 2022, kí Seattle tó mú un ní ìpele karùn-ún lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ni wọ́n fi dé ibẹ̀, kì í ṣe ariwo tèmi.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Bí ẹ bá gbé òwe yìí dé ọjà Draft, yóò fìyà jẹ yín. Ẹgbẹ́ 32 ló ń ná ọjà náà, ìpele 7 ló ní, nǹkan bí ọmọ 260 ni wọ́n ń mú lọ́dọọdún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ti ń jẹnu ṣámúṣámú láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Lọ́dún 1998, àwọn kan búra pé Ryan Leaf kò kéré sí Peyton Manning rárá. Indianapolis mú Manning ní ipò kìíní, San Diego mú Leaf ní ipò kejì. Manning gba MVP, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó wúlò jù lọ́dún, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Leaf ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ náà lọ́dún 2002. Lọ́dún 2000, quarterback mẹ́fà, ìyẹn àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́, ti lọ kí New England tó mú Tom Brady ní ipò 199.

Àwọn onímọ̀ méjì, Cade Massey àti Richard Thaler, jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ka ọ̀pọ̀ ọdún yíyàn jọ. Bí a bá mú ọmọ méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí pápá, tí wọ́n yan ọ̀kan, tí èkejì sì tẹ̀ lé e, ìgbà tí ti àkọ́kọ́ sàn ju ti èkejì lọ jẹ́ nǹkan bí 52 nínú 100. Owó ẹyọ téèyàn jù sókè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo lẹ nọ́ńbà yẹn mọ́ ògiri ọ́fíìsì mi, pàápàá fún ọjọ́ tí orí mi bá ń wú.

Nígbà tí oṣù kejì bá ń parí lọ, gbogbo wa máa ń kó lọ sí Indianapolis fún combine, ibi tí a ti ń dán ara àwọn ọmọ wò kí Draft tó dé. Àwọn ọmọ á sá eré 40 yáàdì, wọ́n á gbé irin 225 pọ́n-ùn, a ó wọn ọwọ́ wọn bí ẹni ń wọn aṣọ. Ẹ lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí Mike Mamula. Lọ́dún 1995, ohun tí ọmọ Boston College yìí ṣe níbẹ̀ ya gbogbo ayé lẹ́nu débi pé Philadelphia gbé ara wọn láti ipò 12 dé ipò 7 nítorí rẹ̀. Tampa Bay tó fún wọn ní àyè yẹn fi ipò 12 mú Warren Sapp, ó sì wà nínú Hall of Fame, ilé ọlá àwọn àgbà eré náà, lónìí. Mamula kò burú, kò kàn tó ohun tí wọ́n san lé e ni. Brady ní tirẹ̀ lo ìṣẹ́jú àáyá 5.28 lórí 40 yáàdì. Mo ti rí ìyá oníṣòwò tó sá ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí asẹ́ ni mo ṣe ń lo eré yẹn. Cornerback, ẹni tó ń sá tẹ̀ lé ẹni tí wọ́n fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí, tí kò bá lè sá, yóò jò kọjá lójú asẹ́. Quarterback tàbí center, ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù lé quarterback lọ́wọ́, mo kàn ń wò ó kọjá ni.

Inú fíìmù niṣẹ́ wà. Kì í ṣe fíìmù tí àwọn kóòṣì gé ránṣẹ́, odidi eré ni kí ẹ wò, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo ẹni tó wà níwájú ọmọ náà. Ká ní wọ́n sọ fún yín pé lágbájá ní sack mẹ́wàá, ìyẹn ni pé ó gbé quarterback ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó ju bọ́ọ̀lù. Mo máa ń pín mẹ́wàá yẹn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà rárá, èyí tí quarterback fúnra rẹ̀ dúró pẹ́ jù, àti èyí tó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣẹ́gun ọkùnrin tó lè dí i. Mo ti rí mẹ́wàá tó di méjì. Nínú eré 12 tí ọmọ kan gbá lọ́dún, ó lè jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì péré ló ti pàdé ẹni tí òun náà yóò gbowó lọ́la. Àwọn yẹn ni kí ẹ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Quarterback ló ń kó bá wa jù. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí máa ń dá dúró gedegbe bí ẹni ń retí ọkọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbowó, àyè tó wà níbẹ̀ kò ju ìwọ̀n aṣọ ìnura lọ. Nítorí náà, ẹ fi èyí tó rọrùn sílẹ̀. Ẹ wo third down, ìgbìyànjú kẹta nínú mẹ́rin tí ẹgbẹ́ ní láti gbé bọ́ọ̀lù síwájú. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n bá ti ká a mọ́, àti bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó jù lẹ́yìn tí wọ́n gba ti ìṣáájú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá ti sá wálẹ̀ wo àwọn tó ń bọ̀ wá kọlù ú, mi ò tíì rí èyí tó padà gbé e sókè dáadáa.

Kóòṣì máa ń tajà, ẹ má dá a lẹ́bi. Lọ bá ẹni tó ń fọ aṣọ ẹgbẹ́, ẹni tó ń di ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò lálẹ́. Kí wọn dáadáa, jókòó, má tètè mú bírò jáde. Wọ́n mọ ọmọ tó ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Síbẹ̀, ẹ lè ṣe gbogbo èyí kí ó sì tún já yín kulẹ̀, nítorí ibi tí ọmọ bá bọ́ sí ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2018, New York Jets mú Sam Darnold ní ipò kẹta. Kò rọgbọ fún un níbẹ̀, àwọn ènìyàn ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó kùnà. Lọ́dún 2024 ó dé Minnesota, ó sì ṣáájú wọn jáwé olúborí nínú eré 14. Josh Allen tí Buffalo mú ní ipò keje lọ́dún 2018 yẹn kan náà ba òfin tèmi jẹ́ pátápátá: ní Wyoming, nínú bọ́ọ̀lù 100 tó bá jù, nǹkan bí 56 ló ń dọ́wọ́ ẹni tó jù ú sí. Mo ní kò lè ṣe é, ó sì ṣe é. Láti ìgbà náà, ìsàlẹ̀ ìròyìn kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń kọ irú kóòṣì àti irú ẹgbẹ́ tí ọmọ náà lè gbèrú lọ́dọ̀ wọn.

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ìdájọ́ mi sí kí Draft tó wáyé, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Bírò ni mo fi ń kọ ọ́, n kì í pa á rẹ́, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo ń padà kà á. Lójú ìwé ọdún 2022, mo kọ ìlà méjì nípa Brock Purdy ti Iowa State: ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára, ó kúrú. Mo rí i kedere pé ọdún mẹ́rin ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, mi ò fi ìyẹn wọn nǹkan kan. San Francisco mú un ní ipò 262, ẹni ìkẹyìn pátápátá, ó sì gbé wọn dé Super Bowl, eré àṣekágbá, ní oṣù kejì ọdún 2024. Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ẹ lè wá kà á. Ẹ kàn má rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá máa gbọ́.