Àwọn Èhù Tí A Kò Gbìn

Òní ni a padà wọ inú igbó tí à ń mú bọ̀ sípò, nítorí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ewé sì ti yọ tán. Àsìkò yìí gan-an ni a máa ń wá lọ́dọọdún, nítorí pé bí a bá ka ewéko nígbà òjò lọ́dún kan, tí a sì kà á nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ lọ́dún kejì, ìyàtọ̀ tí a ó rí lè jẹ́ ti ojú ọjọ́ lásán.

Iṣẹ́ àwọn igi ńlá kì í pẹ́: a ó na tépù yí wọn ká níbi tí ó ga ní mítà 1.3 láti ilẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ wà (orúnkún mi kò fẹ́ gbọ́ èyí). A gbé férémù onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1 kalẹ̀, a kúnlẹ̀ tì í, a sì ń fojú díwọ̀n ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà ni ewéko kọ̀ọ̀kan bò. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kì í sọ iye tí a rí síta títí olúkúlùkù yóò fi kọ tirẹ̀, kí ojú ẹnìkan má baà darí ti èkejì.

Èhù kan dá wa dúró pẹ́. Kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ewé méjì àkọ́yọ tí ó bá a jáde láti inú kóró ṣì nípọn lára rẹ̀, ewé tuntun méjì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là lókè wọn, tí etí wọn rí ṣágiṣàgi. Ewé èwe ọ̀pọ̀ igi kò jọ ti àgbà, nítorí náà gbígbójú sókè wo àwọn igi tó wà nítòsí kò ràn wá lọ́wọ́. Mo fi ìka tú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ díẹ̀ láti rí i dájú pé kì í ṣe ara gbòǹgbò igi mìíràn ni ó ti yọ. Èèpo kóró rẹ̀ ni mo bá níbẹ̀. A ya àwòrán rẹ̀, a sì fi okùn sàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2021 sí 2030 sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ ìmúbọ̀sípò yìí, síbẹ̀ iye igi tí a gbìn ni ó ṣì ń gba ẹnu ènìyàn kan. Lójú tèmi, igi tí a gbìn lè yè kìkì nítorí pé à ń ro ìdí rẹ̀, tí à ń gé ìtàkùn kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀, ó ní ibi tí ó ti wá: bóyá ẹyẹ ni ó jẹ èso tí ó sì yàgbẹ́ kóró rẹ̀ síbẹ̀, bóyá afẹ́fẹ́ ni ó gbé e, bóyá ó sì ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún pípẹ́ tí ó ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Àwọn igi oníkóró ńlá ni ó sábà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó padà, nítorí pé àwọn ẹranko tí ó lè gbé kóró wọn mì kì í pẹ́ tán nínú igbó tí a ti bàjẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni a ṣì gbọ́dọ̀ gbìn, ọ̀pọ̀ nínú kóró wọn kò sì ṣeé tọ́jú pamọ́, torí bí wọ́n bá ti gbẹ, wọ́n kú nìyẹn.

Ìdí nìyí tí a fi yà sí igbó àgbà tí a fi ń ṣe àfiwé kí ilẹ̀ tó ṣú, tí a ṣa kóró irú àwọn igi bẹ́ẹ̀ tí ó ti já sílẹ̀, tí a sì kó wọn sínú àpò pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tútù. Inú ọ̀rá ni a ó gbìn wọ́n sí láàárọ̀ ọ̀la.